Ọ̀ṣọ́ Tàbí Àìmoore: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọ̀ Tí Ọlọ́hun Dá Mọ́ Wa

KHUTUBAH KÌN-ÍN-NÍ

Gbogbo ọpẹ́ pátá jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn láti inú erùpẹ̀, tí ó ya àwòrán rẹ̀ nínú ìyá rẹ̀ bí Ó ti fẹ́, tí ó sì ṣe é ní pípé. A dúpẹ́ fún Un, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Ara tí a gbé wọ inú mọ́sálásí yìí, àmánà ni. A ó dá a padà fún Ẹni tí ó ni ín, a ó sì jíhìn lórí bí a ti lò ó. Orí àmánà yìí ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

Ìbéèrè kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Nígbà tí a bá bá àwọn ọ̀dọ́ wa wí nítorí ìpara abóra, àwọn kan nínú wọn a máa dá wa lóhùn pé: “Àwọn òyìnbó pàápàá ń yí àwọ̀ wọn padà. Wọ́n ń sá ara wọn sóòrùn kí wọ́n lè dúdú díẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ìyà òòrùn ń ra ìpara tí ń mú ara dúdú láìsí òòrùn. Kò sí ẹni tí ó pe tiwọn ní ẹ̀ṣẹ̀. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé tiwa nìkan ni ẹ ń bá wí?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Ìmọ̀ ni ó yẹ kí a fi dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ariwo.

Òyìnbó àti òòrùn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òyìnbó. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àwọn ará Yúróòpù ń fẹ́ kí ara wọn dúdú. Ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin ọlọ́lá ibẹ̀ a máa fi ìyẹ̀fun òjé kun ojú kí ó lè funfun sí i, nítorí pé ẹni tí òòrùn bá pa láwọ̀ dà, àgbẹ̀ tàbí alágbàṣe ni wọ́n kà á sí. Májèlé sì ni òjé. Ó ń ba awọ jẹ́, ó sì ń ba inú ara jẹ́. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1920, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti kúrò lóko lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ẹni tí òòrùn pa láwọ̀ dà wá di ẹni tí ó rí owó rìnrìn àjò, tí ó sì ráyè sinmi létí òkun. Ẹ kíyè sí i pé awọ ènìyàn kò yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Iyì tí àwọn ènìyàn so mọ́ ọn ni ó yí padà.

Òòrùn náà kì í dá ẹni tí ó ń ṣe fàájì sí. Nínú awọ gbogbo wa ni Ọlọ́hun fi èròjà dúdú kan sí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹ́lánìn. Òun ni ó ń gba ìtànṣán òòrùn dúró kí ó má baà ṣe awọ ní jàǹbá. Ẹni tí tirẹ̀ kéré, bí ó bá ń sá ara rẹ̀ sóòrùn bí a ti ń sá gbodo, awọ rẹ̀ a máa jó, a máa hun jọ kí ọjọ́ ogbó tó dé, ó sì lè kó àrùn jẹjẹrẹ awọ. Àní àwọn ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ṣe fún pípa ara láwọ̀ dà nínú ilé pàápàá, ní ọdún 2009 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ kà wọ́n mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà.

Nítorí ewu yìí ni ìpara tí kò nílò òòrùn ṣe gbajúmọ̀ láàárín wọn. Ní àwọn ọdún 1950, ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Eva Wittgenstein ń fi èròjà kan tí ó jẹ́ irú ṣúgà kan tọ́jú àwọn ọmọdé aláìsàn. Ó rí i pé ibi tí èròjà náà bá ta sí lára wọn a máa di àwọ̀ ilẹ̀. Dihydroxyacetone ni orúkọ èròjà náà, òun náà sì ni wọ́n ń lò títí di òní. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kí ó rẹ awọ òkè pátápátá láró, èyí tí ó ti kú tí ó sì ń ṣí kúrò lára fúnra rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ṣí tán. Kò yí awọ abẹ́ padà, kò sì gba ẹni lọ́wọ́ òòrùn.

Kí ni ẹ̀sìn wí sí irú èyí? Ó jọ làálì tí àwọn ìyá wa ń lé sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Làálì kì í pa ẹni lára, kì í dí omi àlùwàlá lọ́wọ́, kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń ṣí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan lóde òní fi sọ pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́, bí kò bá ní èròjà tí ń pani lára, tí a kò sì fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, irú bí ẹni tí ń wá ìyàwó tàbí ọkọ. Nítorí náà, àwọn ọmọ wa sọ òtítọ́ dé ibì kan: kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kan àwọ̀ ara ni èèwọ̀. Ìsìláàmù kò kórìíra ọ̀ṣọ́. Hádíìsì tí Muslim gbà wá jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ làálì yìí náà ni òṣùwọ̀n wà. Ìbéèrè méjì ni a ó máa bi ohun gbogbo tí a bá fẹ́ fi kan ara wa. Èkíní: ṣé ó ń ba àmánà jẹ́? Èkejì: kí ni ó ń sọ nípa Ẹni tí ó dá wa?

Ìbéèrè èkíní: ṣé ó ń ba àmánà jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìpara abóra sórí òṣùwọ̀n yìí. Láti Àkódà títí dé Òwòdé, kò sí ọjà tí a kò ti rí i. Ọṣẹ ń bẹ, ìpara ń bẹ, àpòpọ̀ tí àwọn olùtà ń rò fúnra wọn nínú ike ń bẹ, àwọn mìíràn sì ti dé ìdí abẹ́rẹ́. Wọ́n ti fún un ní orúkọ mìíràn kí etí lè gbà á: wọ́n ní àwọn kò bóra, àwọn kàn ń tóònù ni, wọ́n ní ọ́gáníìkì ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í yí ohun tí ó wà nínú ike padà.

Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀. Èkíní ni mẹ́kúrì. Ó ń dá iṣẹ́ mẹ́lánìn dúró nínú awọ, ṣùgbọ́n kì í dúró sínú awọ nìkan. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba iṣan jẹ́, bí aboyún bá sì ń lò ó, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Èkejì ni hydroquinone. Ẹni tí ó bá lò ó pẹ́, awọ rẹ̀ lè padà dúdú ní àbàwọ́n bí ẹni tí iná jó, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú, àbàwọ́n náà sì ṣòroó wò. Ẹ̀kẹta ni sítẹ́rọ́ọ̀dù, tí dókítà ń fún ni fún àìsàn awọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí ewé, iṣan ara á máa hàn síta, egbò rẹ̀ kò ní í tètè jinná, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ẹ ronú nípa obìnrin tí ó dé orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ nítorí ìbímọ, tí awọ rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 kọ ọ́ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ń lo ohun tí ń mú ara bó déédéé. Kódà bí iye náà bá jẹ́ ìdajì péré, ó pọ̀ fún orílẹ̀-èdè tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ti adúláwọ̀. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe ní ọdún 2013 sọ pé kí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù kan lọ di èyí tí a kò gbọdọ̀ ṣe tàbí tà mọ́ lẹ́yìn ọdún 2020. Ilẹ̀ Ivory Coast fi òfin de ìpara abóra ní ọdún 2015, Gánà sì fi òfin de èyí tí ó ní hydroquinone ní ọdún 2016. Àjọ NAFDAC ní orílẹ̀-èdè tiwa náà ti ń pariwo, ó sì ń kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ dànù. Síbẹ̀, ohun tí òfin bá lé kúrò ní ìta, inú yàrá ni ó ń sá sí bí ọkàn kò bá tíì kọ̀ ọ́.

Súrà Bakarah kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sì fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ara wa ní jàǹbá, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ nítorí ìrísí ojú, èèwọ̀ ni. Ẹni tí ó ń tà á mọ̀ọ́mọ̀ ń gba owó lórí èèwọ̀. Ìyá tí ó fi ń pa ọmọ ọwọ́ lára, nítorí pé ọmọ náà dúdú ju bí ó ti rò lọ, ti ṣe àbòsí fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè èkíní.

Ìbéèrè èkejì: kí ni ó ń sọ nípa Ẹni tí ó dá wa?

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ó dára. Bí wọ́n bá wá rí ìpara kan tí ń mú ara pupa láìsí jàǹbá kankan ńkọ́, gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti rí èyí tí ń mú ara dúdú láìsí òòrùn? Ṣé ẹ ó gbà wá láyè nígbà náà?” Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé bí ó bá jẹ́ jàǹbá nìkan ni a fi ń kìlọ̀, ọjọ́ tí jàǹbá bá tán ni ọ̀rọ̀ wa tán.

Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ nínú Súrà Rúùmù pé ìyàtọ̀ àwọn èdè wa àti àwọn àwọ̀ wa wà lára àwọn àmì Rẹ̀. Nínú Súrà Fátírì, Ó mẹ́nu ba èso tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, àti òkè tí ó ní ojú funfun àti pupa àti dúdú kirikiri, Ó sì fi àwọn ènìyàn kún un. Nínú Súrà Tíínì, Ó fi dá wa lójú pé ní ìrísí tí ó dára jù lọ ni Ó dá ènìyàn. Kò yọ aláwọ̀ kankan sílẹ̀ nínú ìyẹn. Súrà Nisáì sì kìlọ̀ fún wa pé Ṣàítánì ti ṣe ìlérí pé òun yóò máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ádámọ̀ kí wọ́n máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Hádíìsì Ibn Masʿūd nínú Bukhari àti Muslim náà mẹ́nu ba àwọn tí ń fín ara àti àwọn tí ń ya eyín nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà.

Kí ni ó wá ya làálì sọ́tọ̀ sí bíbóra? Obìnrin tí ó lé làálì kò sọ pé ọwọ́ òun kò dára. Ó gbà pé ọwọ́ náà dára, ó sì fi ọ̀ṣọ́ kún un. Bí làálì bá ṣí, kò ní sá fún ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bóra kò fi nǹkan kan kún ohun tí Ọlọ́hun ṣe. Ó fẹ́ kí ohun tí Ọlọ́hun ṣe kúrò ni. Ó ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé bí a ti bí òun nìyí. Bí ìpara bá tán, ìtìjú ló kù. Èkíní jẹ́ ọ̀ṣọ́ orí ọpẹ́, èkejì jẹ́ ẹjọ́ tí ẹ̀dá ń pe Ẹlẹ́dàá. Ìpara tí kò ní májèlé lè gba kíndìnrín là, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ẹjọ́ yìí. Òṣùwọ̀n kan náà ni a ó fi wọn òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé ó kórìíra ara tí Ọlọ́hun fún un ni ó ṣe ń wá dúdú, àìsàn ọkàn kan náà ni ó ń ṣe é, bí ìpara rẹ̀ tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́.

A kò sọ pé kí ẹni tí awọ rẹ̀ ń ṣàìsàn má ṣe tọ́jú ara rẹ̀. Sàhábé kan tí ń jẹ́ ʿArfajah pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun, Ànábì sì gbà á láyè láti fi wúrà ṣe imú. Ẹni tí ó ní ẹ̀tẹ̀ funfun tí kì í ranni, ẹni tí iná jó, ẹni tí irorẹ́ bà lójú jẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni láti lọ bá dókítà. Àtúnṣe ohun tí ó bàjẹ́ yàtọ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀ ohun tí ó pé. Dúdú kì í ṣe àìsàn, nítorí náà kò nílò oògùn.

Ta ni ó kọ́ wọn?

Ẹ̀yin ará wa, a ti ń bá obìnrin tí ó ń bóra wí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè lónìí: ta ni ó kọ́kọ́ sọ fún un pé kò dára? Kò sí ọmọ tí a bí tí ó mọ̀ pé dúdú kò dára. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ó ti gbọ́ ọ.

Ó gbọ́ ọ nílé ìkómọ, nígbà tí àwọn àlejò wo ọmọ tuntun lójú tí wọ́n ní, “Ó mà dúdú o, àbúrò rẹ̀ yóò pọ́n.” Ó gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀sín. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá ìyàwó, tí wọ́n ní ìyàwó pupa ni àwọn ń fẹ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ tí ó ń yin obìnrin pupa tí ó kọjá ní títì, tí kò sì yin èyí tí ó ń se oúnjẹ fún un. Nígbà tí ó bá lọ ra ìpara, àwa kan náà ni a ó pè é ní aláìmọ̀kan. Ìpara abóra kìn-ín-ní tí ó kan ara rẹ̀, ahọ́n wa ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè tiwa gan-an ní ọ̀rọ̀ ìyìn fún dúdú. A ń pe ẹni tí ó dúdú tí ara rẹ̀ ń dán ní adúmáadán. Àwọn àgbà sì sọ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n fi òwe yìí sílẹ̀ kò tijú àwọ̀ ara wọn.

Ẹ wo bí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ti mú irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Abū Dharr fi ìyá ọkùnrin kan bú u, tí àwọn olùṣàlàyé sọ pé àwọ̀ dúdú ìyá náà ni ó fi bú u, Ànábì kò ní eré ni. Ó sọ fún Abū Dharr pé ìwà àìmọ̀kan ayé ìṣáájú ṣì wà lára rẹ̀. Abū Dharr wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù. Síbẹ̀ ìlọ́lá rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ìbáwí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo Usāmah ọmọ Zayd. Usāmah dúdú gan-an, bàbá rẹ̀ sì funfun, àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ìdí ọmọ náà. Ní ọjọ́ kan, Mujazziz, ọkùnrin kan tí ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀yà ara mọ ìdílé, rí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n sùn sí, tí aṣọ bo orí wọn, ó sì jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti ara ara wọn wá. ʿĀʾishah ròyìn pé inú Ànábì dùn dé ibi pé ojú rẹ̀ ń tàn nígbà tí ó wọlé wá sọ ọ́ fún òun. Ẹni tí ó ní ìfẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ́kàn tó báyìí ni àwòkọ́ṣe wa. Usāmah yìí náà ni ó fi ṣe olórí ogun ní ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kúrò láyé, nígbà tí Usāmah kò tíì pé ogún ọdún.

Nínú Bukhari àti Muslim ni a ti kà pé Ibn ʿAbbās fi obìnrin kan han ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ʿAtāʾ, pé ọmọ Alíjánnà ni. Obìnrin dúdú ni. Wárápá ń ṣe é, ó sì ti wá bá Ànábì kí ó tọrọ ìwòsàn fún òun. Nígbà tí Ànábì fi sùúrù àti Alíjánnà lọ̀ ọ́, ó yan sùúrù. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀bẹ̀ fún: kí aṣọ má ṣe máa ṣí lára òun bí wárápá bá gbé òun ṣánlẹ̀. Kò tọrọ pé kí a yí àwọ̀ òun padà. Ìtìjú rẹ̀ wà níbi tí ó yẹ kí ìtìjú wà.

Àwọn àwáwí kan

Àwọn obìnrin kan ń sọ pé ọkọ àwọn ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbọràn sí ọkọ ní ààlà. Kò sí ìgbọràn fún ẹ̀dá níbi tí a bá ti ń ṣẹ Ẹlẹ́dàá. Ọkọ tí ó sì fẹ́ pupa, kí ó ti wá a kí ó tó so ìyìgì. Kí ó má ṣe fi awọ ìyàwó rẹ̀ san gbèsè ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń sọ pé ara àwọn ni, owó àwọn sì ni. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá bàjẹ́, owó gbogbo ẹbí ni a ó kó lé e. Àwọn kan sì ń sọ pé òòrùn ni ó pa àwọn láwọ̀ dà, pé àwọn kàn fẹ́ padà sí bí àwọn ti rí ni. Ẹni tí òòrùn pa láwọ̀ dà, aṣọ, fìlà, ìbòrí àti ìbòòji ni ó nílò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo sọ èyí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin mùmíní, ìmọ̀ràn wa ṣókí ni. Ẹni tí ó bá ń lo ìpara abóra, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ṣí sílẹ̀. Kí ó má sì dá oògùn tí ó ti lò pẹ́ dúró fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí pé sítẹ́rọ́ọ̀dù tí a bá já lójijì lè mú kí awọ gbiná sí ni lára. Kí ó lọ bá dókítà awọ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo tàbí ti Ifáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí ó sì sọ òtítọ́ ohun tí ó ti ń lò. Kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí ẹ̀sín sọ di abóra, ẹ̀sín kò lè wò ó sàn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ara ike kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ alágbàtà. Èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi kún èrè yín. Rísìkì wà nínú òrí, nínú àdín àgbọn àti nínú ọṣẹ dúdú, tí àwọn ìyá wa fi tọ́jú ara.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yin àwọn ọmọ yín nílé kí ayé tó bú wọn níta. Kí ọmọ dúdú gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé òun rẹwà, kí ó sì gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ àfín. Àwọn ni òòrùn ń pa lára jù lọ láàárín wa, nítorí pé èròjà dúdú tí ń dáàbò bo awọ kò tó lára wọn. Jẹjẹrẹ awọ ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọjọ́ èwe. Ìpara tí ń dí òòrùn lọ́wọ́, fìlà olétí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún wọn, ìdáàbòbò ẹ̀mí ni. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó ra á fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀, sàdákà ni. Olùkọ́ tí ó bá ní ọmọ àfín ní kíláàsì, kí ó má ṣe mú un dúró sínú òòrùn. Ní orí wọn ni a ó ti mọ̀ bóyá òótọ́ ni a gbà pé gbogbo àwọ̀ jẹ́ àmì Ọlọ́hun, tàbí tiwa nìkan ni a ń gbèjà.

Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ti fi yé wa nínú khutubah ìdágbére rẹ̀ pé aláwọ̀ pupa kò lọ́lá ju aláwọ̀ dúdú lọ, aláwọ̀ dúdú kò sì lọ́lá ju aláwọ̀ pupa lọ, àfi nípa ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó sì tún fi yé wa pé Ọlọ́hun kì í wo ìrísí wa, bí kò ṣe ọkàn wa àti iṣẹ́ wa. Ibi tí Ó ń wò ni kí a tún ṣe.

Ọlọ́hun, Ìwọ ni O ṣe ìrísí wa ní dáradára, ṣe ìwà wa ní dáradára pẹ̀lú. Fún wa ní ọkàn tí ó mọ oore. Wo àwọn tí ìpara ti bà lára jẹ́ sàn. Ṣọ́ ahọ́n wa kúrò nínú ẹ̀sín, kí o sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa kúrò nínú kíkórìíra ara wọn. Bù kún ìlú Ẹ̀dẹ̀, bù kún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti orílẹ̀-èdè wa. Dárí jin àwọn òbí wa àti gbogbo mùmíní, alààyè àti òkú. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, yóò rántí yín. Ẹ dìde kí a kírun.